Sí Ìdílé Bámiṣayé: Ìkẹ́dùn lórí Olùkọ́ Goodness àti Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Jẹ́ Kí Ó Kà

Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Orí-Àpáta,
Ganaja, Lokoja.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Keje, 2025.

Sí Bàbá àti Ìyá Bámiṣayé, àti gbogbo ẹbí ní Natako,

Ọkàn wa wúwo bí a ti ń kọ ìwé yìí, ojú sì ń tì wá pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí ọmọ yín, Olùkọ́ Goodness Bámiṣayé, ti bá ìjàǹbá kẹ̀kẹ́ lọ nínú òjò Oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ yìí ti wá kí yín lẹ́ẹ̀mejì. A jókòó, a sunkún, a padà sílé. Ìwé ìkẹ́dùn ni a kò tíì kọ, nítorí ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìyìn nìkan.

Ọdún mẹ́fà ni ọmọ yín fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì. Òun ló kọ́kọ́ ní kí a máa túmọ̀ èsì ìdánwò sí Yorùbá fún òbí tí kò kàwé, òun náà ló sì ń dúró lẹ́yìn ìpàdé láti ṣe é fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ a máa bá a jiyàn nínú kíláàsì. Òun a máa rẹ́rìn-ín, a sì ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Àwọn kan nínú wa sọ pé kò mọ ọmọ tọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Nehemiah Ọláolúwa, ẹni tó kọ ìwé yìí, wà lára wọn.

Lọ́dún yìí, yunifásítì tí ó ti ń kàwé oyè kejì gbé iṣẹ́ kan fún un: kí ó ka àpilẹ̀kọ ìwádìí kan lórí ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tó ń bàlágà, kí ó sọ ọ́ ní ṣókí, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ibi tó ti dúró dáadáa àti ibi tó ti mẹ́hẹ. Nígbà tó ṣe tiwọn tán ní Gẹ̀ẹ́sì, ó jókòó, ó kọ òmíràn fún wa ní Yorùbá sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan, ojú-ewé méjìlá. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, kò yẹ kó jẹ́ yunifásítì nìkan ni yóò gbọ́ ọ.

Ní ìpàdé Oṣù Karùn-ún, ó ka ojú-ewé mẹ́fà àkọ́kọ́. Àwọn olùwádìí náà tọ òbí ẹgbẹ̀ta ọmọ lọ, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún. Wọ́n béèrè bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jiyàn tó nílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n padà lọ. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ní wọ́n ń jiyàn jù ni òbí wọn tún ní wọ́n bàjẹ́ jù. Wọ́n wá fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná pé ìjiyàn nílé ni àmì àkọ́kọ́ pé ọmọ fẹ́ yà kúrò lọ́nà.

Gbọ̀ngán hó. Janet, tí ọmọ rẹ̀ Marvellous jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọmọ náà sì mọ iyàn jà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, dìde, ó bi wá bóyá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti gbé ilé òun rí. A rẹ́rìn-ín. Inú akọ̀wé dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìwé mẹ́wàá péré ló kà, ọmọ mẹ́rin ló sì tọ́ láìgbà kí ọ̀kankan bá òun jiyàn. Lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ti jẹ́rìí gbè é.

Ẹ mọ àṣà ẹgbẹ́ wa. Bí igbákejì alága wa, Àlàájì Sàláhúdéènì, bá ti dìde lọ kírun Àsárì, akọ̀wé a lu agogo, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ a sì jókòó. Ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú-ewé keje nígbà tí Àlàájì dìde. Akọ̀wé lu agogo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ni mo tíì kà," ni ó wí. "Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù."

"Olùkọ́, kò ní sá lọ," ni akọ̀wé dá a lóhùn. "Ẹ kà á lóṣù tó ń bọ̀."

Ó pa ìwé náà dé. Agogo tó dá a dúró kò dá wa dúró. Níbi tí a wà lórí ìnàró ni a ti ṣòfin pé ọmọ tí òbí rẹ̀ bá mú ẹjọ́ ìjiyàn rẹ̀ wá yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, yóò sì dákẹ́ títí ilé-ìwé yóò fi jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà ọmọ yín dé ọwọ́ akọ̀wé. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣí lẹ́tà láàárín ìpàdé méjì. Ojú gbogbo ènìyàn ni a ti ń ya á, kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé fi í sínú fáìlì bó ṣe wà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni ọmọ yín pàdé rẹ̀ lọ́nà, tó sì bi í bóyá ó ti kà á. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ní kó ní sùúrù. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣèpàdé, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e bọ̀ wá sílé yí dànù lójú ọ̀nà Ganaja.

Ní ìpàdé náà, akọ̀wé ya lẹ́tà rẹ̀, ó sì kà á sókè. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá òfin yẹn dúró títí n ó fi ka ìyókù. Àwọn olùwádìí náà kò bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè ọ̀rọ̀. Òbí ló sọ pé ọmọ ń jiyàn, òbí kan náà ló sọ pé ó bàjẹ́. Ọmọ tó bá ti dákẹ́, wọ́n kà á mọ́ ọmọ rere. Mo ti bi ogójì nínú àwọn ọmọ wa fúnra mi. Ohun tí wọ́n sọ wà láti ojú-ewé keje lọ. Marvellous ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà mẹ́ta. Kò bá mi jiyàn mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Bàbá, ọmọ tó ń jiyàn ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀."

Akọ̀wé kò lè ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni Janet sọ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ òun kò sọ ju "ẹ káàárọ̀, mà" lọ fún òun. Ó ní òun ti ń dúpẹ́ pé ó ti yí padà.

A bẹ̀ yín fún ìwé búlúù náà, Ìyá sì fi í ránṣẹ́. A dúpẹ́. Inú àpò Olùkọ́ ló wà lọ́jọ́ òjò yẹn. Ìdajì àkọ́kọ́, èyí tí a ti gbọ́, ṣì ṣeé kà. Láti ojú-ewé keje, omi ti po gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Akọ̀wé sá a sóòrùn, ó fi awò wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí ogójì ọmọ sọ fún Olùkọ́, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

A ti fagi lé òfin náà. A ti gbé bẹ́ǹṣì kúrò. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ni a ó máa ṣí i. A mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù fún ẹni tí a ṣe é nítorí rẹ̀. Ní ti ẹ̀yin òbí rẹ̀, àwa ni ọmọ yín báyìí. Ní ọjọ́ Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan, kí a tó ṣèpàdé, ẹni méjì nínú wa yóò máa wá jókòó tì yín.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, a pe Marvellous wá síwájú pé kó sọ ohun tó bá wù ú fún wa. Ó dúró. A ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àlàájì Sàláhúdéènì dìde lọ kírun, ó kírun tán, ó padà wá jókòó. Akọ̀wé kò lu agogo. Ọmọ náà wo ojú wa títí, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì jáde. Kò sọ nǹkan kan.

Kí Ọlọ́run, tí kì í lu agogo fún ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, gbọ́ ẹkún yín dé òpin. Kí ó tu Bàbá àti Ìyá nínú níbi tí ọwọ́ wa kò lè dé, kí ó sì fi ọmọ yín sí ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kí ó kà á tán.

Nehemiah Ọláolúwa,
Akọ̀wé, ní orúkọ ẹgbẹ́.