Orúkọ Tí Kò Jáde Lẹ́nu MaBhele

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1936 ni a bí Màmá Lungelwa Nosakhele Dyantyi, ní abúlé kan lẹ́bàá Cradock. Joel Mnqayi, olùṣọ́ àgùntàn lóko òyìnbó, ni bàbá wọn. Ellen ni ìyá wọn. Ìran Bhele ni wọ́n ti wá, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pe Màmá ní MaBhele.

Wọ́n kàwé dé Standard Six nílé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bàbá wọn kú ní 1951, ìwé kíkà sì parí síbẹ̀. Ní 1952 wọ́n wá sí New Brighton ní Port Elizabeth, wọ́n ń fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó ní Walmer. Ọdún yẹn ni àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà àwọn aláwọ̀ funfun wọ ibùdókọ̀ rélùwéè, tí ọlọ́pàá sì ń kó wọn. Wilton Dyantyi, òṣìṣẹ́ èbúté, wà lára àwọn tó ṣáájú. Màmá dúró lódìkejì ọ̀nà, ìdì aṣọ lórí, wọ́n ń wò. Wọn kò mọ̀ pé ilé ọkùnrin yẹn ni yóò di ilé ọkọ wọn.

Ní 1960 wọ́n fẹ́ Monde, ọmọ Bàbá Dyantyi. Ilé ọkọ sọ wọ́n ní Nosakhele. Nínú ìṣe wa, ìyàwó kì í dárúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ tàbí àwọn àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, kì í sì í wò wọ́n lójú. Màmá pa èyí mọ́ débi pé àwọn ìyàwó ilé yòókù a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"MaBhele, bí iná bá ń jó Bàbá, báwo lo ṣe máa pè wọ́n?"

"Màá da omi lù wọ́n."

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ tó ń bá òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ìpàdé ẹgbẹ́ náà kò dúró. Yàrá ẹ̀yìn ilé Bàbá ni a ti ń ṣe é, Bàbá sì ni alága. Màmá ló ń gbé tíì wọlé. Ní 1964 ọlọ́pàá kó Bàbá àti àwọn àbúrò wọn méjì. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan àfi ẹni tó ń gbé tíì, nítorí náà ni wọ́n ṣe mú Màmá lọ sílé ẹjọ́. Phindiwe, àkọ́bí wọn, ṣì ń mu ọmú. Bí Màmá bá sọ̀rọ̀, ilé ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà. Bí wọn kò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní, "Ta ni alága ìpàdé náà?"

"Ìyàwó ilé ni mí, ọ̀gá. Orúkọ tí n kì í pè pọ̀."

"Nawọ́ sí i nígbà náà."

"N kì í wo ọ̀ọ́kán ibẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Ògbifọ̀ ṣàlàyé àṣà wa fún adájọ́. Agbẹjọ́rò bi í pé ta ló lè tú ìyàwó sílẹ̀ nínú àṣà yìí. Ògbifọ̀ ní bàbá ọkọ ni. Bàbá kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi àwọn. Wọ́n dìde níbi tí wọ́n ti ń jẹ́jọ́.

"MaBhele, ọmọ ń sunkún nílé. Mo tú ọ sílẹ̀. Dárúkọ mi, kí o máa lọ."

Àṣà parí síbẹ̀. Màmá kò ní ohun tí wọ́n máa fara pamọ́ sí mọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo Bàbá lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹ jókòó."

Ìyàwó kankan kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nílé wa. Bàbá jókòó.

Adájọ́ fún Màmá ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ọmú wọn kún, kò sẹ́ni tó máa mu ún. Wọ́n ya etí kúbùsù, wọ́n fi dì í títí ó fi gbẹ. Láìsí ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́, Bàbá àti àwọn àbúrò wọn wálé. Nígbà tí Màmá dé, Phindiwe ti ń rìn. Ó sá fún wọn, ó di aṣọ ìyá Monde mú. Ìyá Monde ló ń pè ní màmá. Màmá kò fipá fà á. Wọ́n kó aṣọ ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀, wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Phindiwe ń pè wọ́n ní MaBhele, bí ará àdúgbò ṣe ń pè wọ́n, títí ó fi lọ ilé ọkọ.

Ní 1966 Màmá wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, bùláòsì pupa, kọ́là funfun. Ní àwọn ọdún tí à ń sin àwọn ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá pa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Màmá àti ẹgbẹ́ wọn ló ń se àgbàdo àti ẹ̀wà fún ilé olókùú. Monde kú ní 1988. Ní 1994, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí àwa náà dìbò, Màmá tò láti àárọ̀ kí wọ́n tó dìbò. Àwọn oníròyìn bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lára wọn.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni wọ́n sọ.

Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ. Òrùlé wọn ṣì ń jò. Àwọn tó wá ya fọ́tò wọn ṣèlérí páànù. A ṣì ń retí rẹ̀.

Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2009. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Phindiwe, Luvuyo àti Zoleka; ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti àwa tí a jọ gbé ilé Dyantyi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dúró.

Phindiwe ló tọ́jú wọn ní oṣù tó kẹ́yìn. Ó ní kí a kọ ọ́ síbí pé òun kò bínú mọ́. A ti kọ ọ́.

MaBhele, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ sùn, ẹ sinmi o.