Àgbò Tó Ní Òun Gbà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tójú mi ò tó, á máa ṣọ́ ọ lọ. Tó o bá bèèrè wa, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn wa ò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á.

Àwòrán oúnjẹ alẹ́ rẹ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé ọwọ́ wa. Nígbà tí mo rí i pé ewé lásán ló wà nínú àwo, mo bú sẹ́kún. Bàbá rẹ ní àwọn ẹran òun gan-an ń jẹun jù ọ́ lọ. Ìgbà tó o wá fi ohùn ránṣẹ́ la tó mọ̀ pé ebi kọ́, pé o ò jẹ ẹran mọ́ ni, pé ẹlẹ́mìí ni wọ́n, pé látọjọ́ tí bàbá rẹ ti ń ṣe alápatà, ṣé ó bi ìkankan nínú wọn léèrè rí bóyá ó fẹ́ kú?

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá rẹ lákínyẹmí ara. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń fún ẹran lómi mu kó tó dè é mọ́lẹ̀, tó máa ń faṣọ bò ó lójú. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yẹn, òótọ́ ni, òun ò bèèrè rí. Ló bá ní kí n gbé fóònù wá sọ́dọ̀ àgbò funfun tó fẹ́ pa lọ́jọ́ náà, kí ìwọ fúnra rẹ bi í, torí ìwọ lo kàwé. Mo fi fóònù sí i létí, mo tẹ ohùn tó o fi ránṣẹ́ yẹn, o sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo tiẹ̀ kí ọ, o ò dáhùn, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí.

Ọmọ mi, àgbò náà gbọ́ ọ tán. Kò ké, kò jà. Ó rọra dùbúlẹ̀, ó na ọrùn sórí pákó tí bàbá rẹ máa ń pa ẹran lé lórí, ó wá ń wò ó. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ó ní nígbà táwọn ẹran bá ń jà, òun mọ ohun tí òun ń ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó ní òun gbà yìí, ta ló fẹ́ pa á? Yéè! Ẹ̀rù bà mí.

Látìgbà náà, tá a bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọrùn nínà. A ó lé e, á tún padà wá. Àwọn tó kù ti ń tò sẹ́yìn rẹ̀ báyìí, bí èrò tó ń dúró de dókítà. Bàbá rẹ ò pa nǹkan kan mọ́, àwọn oníbàárà sì ń fi wá ṣẹ̀sín. Inú bí mi, mo ní kó jẹ́ ká ta àgbò náà fún alápatà míì, ó ní ṣé ẹni tó fọkàn tán òun lòun ó tà?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ẹ̀wà, ewé tìrẹ yẹn ò lè yó wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó ni mo ṣe kọ̀wé. Wá sílé. Wá sọ fún àgbò náà pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́. Tó o bá sì dé, bá bàbá rẹ náà sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí mi ò rí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó dùbúlẹ̀ ti àgbò náà, ó na ọrùn sórí pákó. Mo ní kí ló dé. Ó ní àgbò ló bi òun léèrè.

Mo ti kó gbogbo ọ̀bẹ pamọ́. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀, á sì jẹ́ kó o bá àwa méjèèjì láàyè.

Èmi ìyá rẹ ni.