Èbù Bàbá àti Awò-Ojú Tí Kò Jáde

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Awò-ojú tó ń sọ̀rọ̀, tí a torí ẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ fóònù òyìnbó yẹn, wọn ò ní ṣe é mọ́. Ìpín wa ti di yẹpẹrẹ. Ẹgbẹ́ àwa tá a jọ ra ìpín, tó máa ń pariwo lórí fóònù, dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bẹ́nuà, ló ní ká kó èbù iṣu Bàbá lọ tà lọ́jà Glazoué, ká fi owó ẹ̀ ra ìpín. "Kí òjò tó rọ̀, a ó ti fi èrè ẹ̀ ra èbù mìíràn." A sì tà á tán.

Èbù! Ẹni tébi ń pa gan-an kì í fọwọ́ kàn án.

Òjò ti rọ̀ lánàá. Bàbá ò mọ nǹkan kan. Ó ń kọ ebè lẹ́sẹ̀ òkè nígbà tí mo gbé omi lọ fún un.

"Ọmọ mi, ẹ kó èbù wá lọ́la."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Ó bá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ebè mìíràn.