Bí Mo Ṣe Kàwé Nítorí Ìyàwó Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Wọ́n ra ìwé yìí fún mi kí n máa fi kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìíní rèé: ẹni tó bí ọmọ tó di tíṣà ti bí ọ̀gá sínú ilé ara rẹ̀. Ó tán. Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi.

Òfin tuntun jáde. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, kó wá tún ìdánwò awakọ̀ ṣe, ti ìwé àti ti ojú. Èmi tí mo fi ogójì ọdún wa tírélà! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ṣòfin yìí ṣì ń tọ̀ sílé.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ìdánwò. Bí mo bá fìdí rẹmi, kò sí láísẹ́ǹsì. Bí kò bá sí láísẹ́ǹsì, Ọ̀gá Tíṣà (àbíkẹ́yìn mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa kí ara má baà rọ̀ mí) ní a máa ta Ìyàwó fún mẹkáníìkì. Ìyàwó ni mọ́tò mi. Ìyá àwọn ọmọ ni Ìyáálé. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wa mọ́tò náà wálé. Ó ní orogún tí kì í jẹun, tí kì í fèsì, òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Tíṣà lẹ ìlànà ojoojúmọ́ mọ́ ògiri. Aago méje: ẹ kàwé. Aago méje ààbọ̀: ẹ sinmi. Aago mẹ́jọ: ẹ kàwé. Kò síbi tó kọ "ẹ mí" sí. Mo ń di èémí mi mú títí yóò fi rántí.

Ọjọ́rú, 5

Mo ka ojú ìwé kẹrin ìwé òfin ọ̀nà ní àkàtúnkà. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Tíṣà wò ó, ó ní, "Bàbá, ṣé ìwé lẹ kà níbí ni, àbí ẹran lẹ pa?" Ẹnu yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀, mi ò lè bá a jà.

Ló bá pa ìwé dé. Ó ní kí n sọ ohun tí mo kà. Mo ní ojú ìwé kẹrin ni. Ó ní kí ló wà níbẹ̀? Mo ní ìlà pupa.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìwàásù lónìí. Tíṣà ní ojú mi ló mọ ìwé náà, orí mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń bá aládùúgbò pàdé lójoojúmọ́ tí ò mọ orúkọ rẹ̀. Kí n kà díẹ̀, kí n pa á dé, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ jáde. Lọ́la, kí n tún un sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí n tún un sọ. Kí n sì wá ẹnì kan tí màá máa kọ́, torí ẹni tó ń kọ́ni ló ń mọ̀ ọ́n jù.

Mo ní ta ni kí n kọ́? Ìyáálé tó ń ká aṣọ ní kọ̀rọ̀ ní òun ṣáà wà níbí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyáálé! Ẹni tó jẹ́ pé tó bá jókòó sínú mọ́tò, ṣe ló máa ń di àpò rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni pé àpò ló ń wakọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan. Olódo.

Mo ní: ní oríta tí kò sí iná, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ ni kó kọ́kọ́ kọjá. Ó ní kí ló dé? Mo ní òfin ni. Ó ní òun ti gbọ́ pé òfin ni, kí ló dé? Ó tún ní tí mọ́tò mẹ́rin bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́, tí kálukú ní ẹnì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣé kí wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀ ni?

Mo lé e jáde ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà mo rọra lọ wo ìwé. Ogójì ọdún — họ́ọ̀nù ni mo fi ń gba oríta kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ìyáálé ò nu fèrèsé, ìkùukùu kún ilé. Mo sọ ọ́. Ó ní òun nù ún láàárọ̀. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń nu fèrèsé.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́. Mo kí i dáadáa, mo bèèrè ilé, mo bèèrè ọmọ. Kò dáhùn. Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ìyáálé ní ẹ̀wù mi tí òun sá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

A lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Tíṣà tò sórí ìlà fún mi. Ilẹ̀kùn yàrá ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ṣí sílẹ̀ gbayawu, nọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀. Ìwé lẹ́tà wà lára ògiri, èyí tó tóbi lókè, àwọn kéékèèké ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó sórí àga wọn. Lẹ́tà òkè: mo rí i. Ìlà kejì: bóyá. Ìyókù: èèrà.

Mo dìde, mo fi imú kan ìwé náà. Gbogbo wọn jáde wá kí mi. Èyí tó wà nítòsí ò yọ mí lẹ́nu rí. Èyí tó jìnnà ló máa ń ṣú bàìbàì. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni, ta ló ní kó jìnnà?

Mo dúró tì í títí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́bọ̀, 13

Tíṣà mi ọ̀wọ́n, ọgbọ́n rẹ ṣiṣẹ́! Mo kà díẹ̀, mo pa á dé, mo sọ ọ́ jáde. Kì í ṣe òfin ọ̀nà o. Lẹ́tà ògiri ni. H. K, A. T, U, N. L, D, O, R. Mo sọ wọ́n di èèyàn kí wọ́n má baà sá mọ́ mi lórí. Ìlà ìsàlẹ̀: Lánlọ́ọ̀dù ń lé Dókítà, Dókítà ń lé Olè, Olè ń lé Rẹ́fírì. Mo sọ ọ́ níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n. Mo sọ ọ́ nínú balùwẹ̀. Ìyáálé kanlẹ̀kùn: "Baba wa, lánlọ́ọ̀dù wo lẹ tún gbà lálejò síbẹ̀?"

Mo ní àdúrà ni mò ń gbà. Ó ní kí n fi ti Dókítà náà kún un.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mẹkáníìkì wá. Ó ní òun kàn ní kí òun yà kí wa. Ẹni tó yà kí wa ló ń fọwọ́ pa Ìyàwó lẹ́yìn, ló ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú ọkọ. Mo ní kó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ní, "Bàbá, tí ìdánwò yẹn ò bá bọ́ sí i, ẹ má dara yín láàmú. Ọwọ́ rere ló máa bọ́ sí." Mo dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run á fún òun náà ní tirẹ̀.

Ìyáálé kàn ń wo mọ́tò. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́, ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀sì kì í débẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Tíṣà mú ìbéèrè ọdún tó kọjá wá, ó fún èmi, ó fún Ìyáálé. Mo ní ti Ìyáálé ti jẹ́? Ó ní kó fi dára yá ni. Mo gba mẹ́tàlélógún nínú ọgbọ̀n. Mo jó yí tábìlì ká. Tíṣà máàkì ti ìyá rẹ̀, ó wò ó, ó ká a sápò, kò ka èsì rẹ̀ sókè. Ọmọ dáadáa. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Iná tó wà láàárín pupa àti àwọ̀ ewé ń sọ pé kí n múra àtidúró. Láti ọjọ́ yìí, mo rò pé ó ń sọ pé kí n sáré ni.

Ọjọ́rú, 26

Tíṣà gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀la ni ìdánwò, oorun ló kù tí mo máa kà. Ẹ̀kọ́ tí mo ti mọ̀ látilẹ̀ nìyí.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ti ìwé, mo yege. Akọ̀wé ní òun ò rí àgbàlagbà tó gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó fara balẹ̀, kò tíì rí nǹkan kan.

Ti ojú. Kí n yáa kọ ọ́ kó lè kúrò lọ́kàn mi.

Mo wọlé. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Mo jókòó. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wá nǹkan nínú dúrọ́ọ̀. Mo rí ìwé funfun lára ògiri. Kí n má baà fi àkókò ìjọba ṣòfò, mo bẹ̀rẹ̀. H! K, A! Mo dé ọ̀dọ̀ Rẹ́fírì láì mí. Mo fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo tún un kà. Mo fọwọ́ bo tòsì, mo tún un kà. Mo bi í bóyá kí n tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ó ní, "Ẹ káre, Bàbá. Kàlẹ́ńdà nìyẹn."

Ìwé lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àtijọ́ ti ya, píìnì tó fẹ́ fi kọ́ tuntun ló ń wá. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó wò mí. "Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò ní rí i. Àṣé òótọ́ ni! K tẹ́ ẹ rí lára kàlẹ́ńdà yìí, èmi ò rí i rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Lẹ́yìn náà ló fi iná wo ojú mi. Ó ní nǹkan funfun kan ti bò ó lápá méjèèjì, dókítà lè mú un kúrò, kò le. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní fi irin kan ojú mi. Ó ní ó dáa. Ó kọ ọ́ pé mi ò yege.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Tíṣà ò fi mí ṣẹ̀sín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mẹkáníìkì ti dé kí n tó jẹun àárọ̀. Ìyáálé lọ pàdé rẹ̀ ní géètì. Mo gbọ́ ọ láti yàrá: "Máa lọ, ọmọ mi. A ò tà á." Ó ní ta ló máa wá máa wà á? Ìyáálé ní, "Ṣé ìwọ ni mo fẹ́ jábọ̀ fún?"

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mi ò bèèrè.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹrin

Wọ́n jáde láàárọ̀, òun àti Tíṣà. Bàtà tó dáa ló wọ̀. Mo rò pé ìsìnkú ni wọ́n ń lọ.

Ìdánwò ni! Ìyáálé lọ ṣe ìdánwò awakọ̀. Ti ìwé, ó yege. Ti ojú, ó rí gbogbo lẹ́tà. Ó ní Lánlọ́ọ̀dù ò sí níbẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti kó lọ. Wọ́n fún un níwèé pé kó máa kọ́ mọ́tò. Tíṣà wá jẹ́wọ́ fún mi pé ní ọjọ́ tí mo jó yí tábìlì ká yẹn, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ìyá rẹ̀ gbà.

Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n máa yangàn. Mo ṣe méjèèjì. Olódo mi.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù karùn-ún

Ìyáálé ti ń kọ́ mọ́tò ní pápá ilé-ìwé Tíṣà láti ìgbà yẹn. Òní ló jáde sí títì. Tíṣà jókòó tì í níwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí. Èmi! Ẹ̀yìn Ìyàwó mi! Wọ́n tún gbé àpò Ìyáálé lé mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá mo rí i pé mo dì í mú gírígírí.

Ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Ó dé oríta kan, ó dúró. Mo ní kí ló ń dúró dè? Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo wò. Mi ò rí ẹnì kankan. Mo fẹ́ pariwo pé kó máa lọ — ni agogo kẹ̀kẹ́ bá dún. Ọmọbìnrin kékeré kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú wa, ó ń juwọ́ sí wa.

Mo tún di àpò náà mú títí a fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, Ìyáálé ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Baba wa, ẹ lọ tọ́jú ojú yín. Kọ́kọ́rọ́ ń dúró dè yín." Mo ní màá rò ó.

Mo ti rò ó. Mo ní kí Tíṣà bá mi gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ojú. Kò sí ìdí kankan níbẹ̀ o. Bó ṣe ń yí kọ̀nà yẹn burú jáì, ẹni tó bá sì fẹ́ bú awakọ̀, ó yẹ kó lè rí ọ̀nà.