Àwòrán Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Fún Ẹnikẹ́ni

Kurlpa,
Ọjọ́ Ajé.

Verna, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù Adelaide kò mú ọ jù? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé a wà ní àlàáfíà. Mo pe fóònù rẹ títí, kò wọlé. Nọ́ọ̀sì wa tó ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀. Jọ̀wọ́, bí o bá ti kà á tán, dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi Clarrie kò jẹun mọ́. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n kọjú sí òkè. Ìrù kangarú tí mo sun fún wọn lánàá, ajá ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Verna. Mo ti rí àgbàlagbà tó pinnu láti lọ rí, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

O rántí Philippa, òyìnbó ayàwòrán tó máa ń wá gbé lọ́dọ̀ wa? A fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé wa lọ síbi ìsìnkú. Noreen ìbátan wa ló fún un ní orúkọ ẹbí, irú èyí tó ń sọ ipò ẹni láàárín wa, orúkọ náà ló sì sọ ọ́ di ìyá ìyàwó fún Clarrie. O mọ̀ pé ọkùnrin wa kì í wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ Philippa bá ti ń bọ̀ báyìí, Noreen á pariwo pé, "Clarrie, àna yín ti dé o! Ẹ tètè wábi gbà!" Ẹ̀gbọ́n mi á sá sẹ́yìn táńkì omi, àwa á máa rẹ́rìn-ín.

Àṣé ẹ̀rín tó máa di ẹkún ni. Philippa lọ wo àwọn àmì tó wà lára àpáta wa, ó sì ya ìtàn ìdílé wa, apá tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin tó ti ṣe orò nìkan ló lè rí i. N kò ní kọ ohun tó wà níbẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n máa ṣí i fún gbogbo ayé ní ilé àwòrán tó wà lẹ́bàá odò yín.

Àwọn àgbà láti ẹ̀yìn òkè gbọ́, wọ́n sì wá. Wọ́n ní, "Clarrie, ìwọ lo ni ìtàn. Philippa ní òun bi ọ́ léèrè, o ò sì kọ̀ fún òun." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ lanu bá àna mi sọ̀rọ̀?" Ọ̀kan nínú wọn pòṣé: "Àna kọ́, ànà ni! O ti tà wá." Wọ́n ní bí ayé bá fi lè rí àwòrán yẹn, Clarrie kò ní bá àwọn dé ibi orò mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti kan ẹnu ẹ̀gbọ́n mi.

Mo pe ilé àwòrán náà. Ọmọbìnrin kan ní, "Ẹ má bínú, mà, Philippa tọrọ àyè, bàbá yẹn ò sì sọ pé rárá." Mo ní, "Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i! Ṣé ẹ̀yìn kì í sọ̀rọ̀ níbi tiyín ni?" Ó ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Èmi kò lè dá a dúró. Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti Clarrie, àwa la ni ìtàn, ẹni tó ni ín kì í sì í ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ tí àwa obìnrin ìdílé bí ló ń ṣọ́ ọ, ẹnu wọn ló lè sọ pé ó tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó kú, tí a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, ni ì bá lọ. Ìwọ nìkan ló kù. Mo mọ̀ pé o ti sọ pé ọ̀rọ̀ wa níbí ti sú ọ. Bínú sí mi tó bá yá. Lọ bá àwọn ará ilé àwòrán náà kó tó di Sátidé, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri. Wá Philippa náà rí, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣàlàyé fún un ní èdè tó máa yé e.

Kí ilẹ̀ tó bí ọ má jẹ́ kí ẹnu rẹ kọ́ níwájú wọn. Kí n má sin ẹ̀gbọ́n mi lórí ohun tí wọn kò ṣe. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọmọ tìrẹ náà á gbèjà rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú ń pọ́n,
Lorna.

Mo tún rántí: obìnrin ni ìwọ náà, o kò gbọ́dọ̀ rí àwòrán náà. Ní kí wọ́n fi aṣọ bò ó kí o tó wọlé. Bí wọn kò bá gbà, fi ẹ̀yìn rìn wọlé, kọ ẹ̀yìn sí i bí Clarrie ti ṣe, kí o sì sọ̀rọ̀ rẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rín. Má bojú wẹ̀yìn.