Ìdíátù, A Ti Gbé Baba Kúrò Nínú Igbó

Ìdíátù, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí ọkọ̀ akérò wọ abẹ́ tírélà ní Ògèrè, tí ìwọ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní kí a sọ pé a ti gba kádàrá. A ti gbà á. Irọ́ ni o! A ò tíì gbà á! Inú ṣì ń bí wa. Èmi Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ ni gbogbo ilé ní kí n kọ èyí, torí pé èmi ni mo ń fi ẹnu jẹun lórí ìtàgé. Wọ́n ní kí n má fi ṣàwàdà. Mo ti búra fún wọn. Ìwọ mọ ohun tí ìbúra mi jẹ́.

Jẹ́ kí n ròyìn ilé. Ilé alájà tí o bá wa fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ti parí. Ó ń jò lápá kan, ṣùgbọ́n ó ti parí. Obì wa ṣì ń lọ sókè Ọya. Raqeebah, ọmọ mi tí o máa ń pè ní lọ́yà kékeré, ti wà nílé ọkọ, ó ti bímọ méjì.

Bẹ́ẹ̀ ni! Nílé ọkọ! Ọmọ ilé adẹ́tẹ̀!

Orúkọ tí wọ́n ń pè wá nìyẹn láti ìgbà tí Baba Sàídì, baba tó bí baba bàbá wa, ti kú, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Abẹ́òkúta. Wọn ò sin ín sínú ilé bí wọ́n ti ń sin àgbà. Igbó lẹ́yìn Simawa ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ló pa á. Láti ìgbà náà, ọmọ wa kan kì í fẹ́ lọ́kọ kí ẹnìkan má rántí igbó yẹn. Ìwọ náà, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so yìgì rẹ tí àwọn ará ilé ọkọ yí ohùn padà. Obì tí wọ́n fi tọrọ rẹ, ní ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n ti rà á! Wọ́n tún wá kó o padà!

Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Ìwọ ńkọ́? O sunkún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, o lọ gba fọ́ọ̀mù yunifásítì.

O kọ́ ẹ̀kọ́ kòkòrò àrùn títí o fi dé ilẹ̀ òyìnbó. Ní ọdún 1992 o padà wá, o kó wa jọ, o ní wọ́n ti ń bi egungun òkú léèrè àìsàn tó ṣe é. O ní kòkòrò àrùn kò ju bíńtín lọ, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DNA lè wà nínú eyín àti egungun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. O ní kí a wú Baba Sàídì. Àwọn àgbà pariwo. O pariwo ju àwọn àgbà lọ.

A wú u. A mú eyín kan. Wúlẹ̀mọ̀tù, àbúrò bàbá wa, gba eyín náà, ó fi mọ́ àyà, ó jẹ obì lẹ́nu, ó sì tu ú sí eyín baba bàbá rẹ̀, ó ń súre. Gbogbo wa ṣe àmín. Ìwọ náà ṣe àmín! Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé láti òkè òkun: ẹni tó ni eyín yìí, obìnrin ni, ó sì jọ pé ó ṣì wà láàyè. O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sórí àpò obì. O ní ìtọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù ni wọ́n yẹ̀ wò.

Nígbà tí a tún lọ, o wọ ìbọ̀wọ́, o fi aṣọ di imú, o ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù dúró sí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀hún ló ti ń ké àdúrà bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. O fi eyín kejì ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ìgbà tí o ń bọ̀ wá sọ fún wa ni tírélà yẹn dúró sójú ọ̀nà láìtan iná.

Ìdíátù, lẹ́tà dé ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn rẹ. Àwọn ará ilé Tájù tó fẹ́ fẹ́ Raqeebah ti ń retí rẹ̀. Èsì yẹn ni wọ́n ní kí a mú wá. Wúlẹ̀mọ̀tù ti ra ẹran, nítorí ó dá wa lójú pé ẹ̀gàn ti parí. Raqeebah já a, ó kà á.

Ẹ̀tẹ̀ ni.

Ìdíátù, ẹ̀tẹ̀ ni! Ẹran ń hó lórí iná, ẹnikẹ́ni ò lè wo ojú ẹnìkejì. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kí a jó lẹ́tà náà, kí a sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa baba. Irọ́ ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá pa á, ènìyàn a máa pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi wò mí. Ó ní, “Bàbá mi, Àǹtí ò kú sójú ọ̀nà nítorí irọ́.” Ó mú lẹ́tà, ó wọ bàtà, ó lọ.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá Tájù, ó kà á fún wọn, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kòkòrò ló ń fa ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdílé, oògùn rẹ̀ sì ti wà. Ó ní kí wọ́n wá ẹnìkan péré nínú ìran wa tó tún ní in.

Ìyá Tájù figbe ta: “Ọmọ yìí ò tilẹ̀ tijú!”

Raqeebah ní, “Ìtìjú kí ni, Màmá? Àìsàn ló ṣe baba wa. Baba wa ò jalè.”

Obìnrin náà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá Tájù yíjú sí mi. Ó bi mí pé, nígbà tí baba wà nínú àìsàn, ta ló ń gbé oúnjẹ fún un? Kò dúró de èsì mi. Ó ní, “Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù nílé yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìdílé tó ju ènìyàn wọn sígbó, tí wọ́n sì fi í síbẹ̀. Ẹ lọ gbé e wálé. Èmi náà á mú obì wá.”

A gbé e wálé, Ìdíátù! Ní ọ̀sán gangan, gba àárín ọjà! Ààfáà kan kùn, àwa náà kùn sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò ra obì wa. Lẹ́yìn náà obì wọ́n, gbogbo wọn sì padà wá, wọ́n ń pè wá ní ẹ̀gbọ́n. Iwájú ilé ni a sin baba sí. Èmi fúnra mi ni mo fi ìka kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì tútù: SÀÍDÌ. Ẹ̀TẸ̀ ṢE É. BABA WA NI. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, kó kọ́kọ́ dúró kà á! Ìyá Tájù ò wá sí ìgbéyàwó, kò sì tíì wá títí dòní. Oúnjẹ ń jinná láìsí i.

Ìwọ nìkan ni a wá tì lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn. A wo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé òmùgọ̀ ni mí, síbẹ̀ mo wò ó.

Wọ́n ní kí n má máa bá òkú sọ̀rọ̀, pé òkú kì í gbọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún, o bi í ní ìbéèrè, ó dá ọ lóhùn! Ọdún márùn-ún péré ni tìrẹ. Màá máa bá ọ sọ̀rọ̀, Ìdíátù. A fẹ́ràn rẹ, ọkàn wa ń fà sí ọ, a ò sì ní gba kádàrá yẹn.

Fàsásì, fún gbogbo ilé,
Ṣàgámù, 1999.