Ìgò Kékeré Inú Báàgì Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tayọ̀tayọ̀ láti ilé ọkọ mi. Mo lérò pé orúnkún yín ti fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ṣe níyàwó, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di opó, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mò ń rín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olówó orí mi jábọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń jó irin, ó sì forí gbálẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù, ó ti jókòó, ó ń béèrè bóyá mo gbé oúnjẹ wá. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan bíi fóònù síwájú ojú rẹ̀, iná tàn pìrá, nọ́ńbà yọ. Ó ní ẹ̀rọ náà ń wọn bí dúdú àárín ẹyinjú ṣe ń súnkì tí iná bá kàn án, pé tí ọ̀kan bá kọ̀, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ló fara pa. Tọ̀tún súnkì kíá. Tòsì là sílẹ̀ gbàgà, kò mira. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Màmá, orí mi dàrú. Ẹ̀rọ ní ewu wà, ọkọ mi sì ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà pé, "Ìyàwó mi ni ojú òsì ń wò, kò ráyè iná yín." Ta ni kí n gbà gbọ́? Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ lè ti dà sínú agbárí, àwọn lè ní láti ṣí i. Wọ́n gbé bébà wá kí n fọwọ́ sí i.

Mo ń wá bírò nínú báàgì ni ọwọ́ mi kan ìgò oògùn ojú tí ẹ fún mi, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n yẹ ojú yín wò. Ẹ ní ọkọ tó ń jórin kò lè ṣàìnílò rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn gan-an ni ojú òsì ń ta á, mo sì kán an sí i lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti bi wá bóyá ó ń lo oògùn, a ní rárá, torí èyí tí wọ́n ń gbé mì la rò.

Nọ́ọ̀sì ka ara ìgò náà, ó kígbe: "Ìyàwó! Èyí tí wọ́n fi ń la dúdú ẹyinjú sílẹ̀ fún àyẹ̀wò nìyí! Ó lè di ọ̀la kó tó kúrò!"

Wọ́n ṣì ya fọ́tò inú orí rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan! Nígbà tó di Ọjọ́rú, ojú òsì súnkì bíi tọ̀tún, mo sì fò mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò tíì yé mi o. Ẹ̀rọ kò purọ́, ọkọ mi kò purọ́, èmi náà kò purọ́. Báwo wá ni gbogbo wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ la orí ẹni tí ebi ń pa?

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fi ojú yín méjèèjì rí ọmọ wa.

Èmi ni ọmọ yín, ìyàwó tó ń kán ohun tí kò mọ̀.

Àfikún: Mo ti da ìyókù nù. Ọkọ mi ní kí n kí yín dáadáa, pé tí ẹ̀bùn ìgbéyàwó bá tún kù lọ́wọ́ yín, kí ẹ jọ̀ọ́ fi ìkòkò ṣe é.